Ogún Gálọ́ọ̀nù Láti Pago

Uelese ní ogún gálọ́ọ̀nù epo ló ń gbé ọkọ̀ òun láti Pago, tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, dé Aleipata, ìlú rẹ̀ ní erékùṣù Upolu, kò sì sí ẹni tó jẹ́ bá a jiyàn. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ti dúdú kirikiri ló ti ń la òkun yẹn kọjá. Bí wọ́n bá ń lọ, epo lè jù bẹ́ẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ ń dojú kọ wọ́n. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ń bọ̀ wálé, afẹ́fẹ́ á máa ti ọkọ̀ lẹ́yìn, ogún gálọ́ọ̀nù á sì tó, á tún ṣẹ́ kù díẹ̀ sí ìsàlẹ̀ agolo. Ó máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń ka ẹsẹ Bíbélì, àwọn ará ilé rẹ̀ sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún kan, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Pago, ó sì di dandan kí ó lọ wò ó. Àwọn mẹ́ta ni wọ́n lọ: Uelese fúnra rẹ̀, Fetuao ọmọ rẹ̀, tó ń bójú tó ṣọ́ọ̀bù kékeré tí ìdílé wọn ní lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àti Pesamino, ọkọ Fetuao. Ará erékùṣù Savaii ni Pesamino, òun ló wá ń gbé ilé ìyàwó. Bí ẹni tó bá wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ ti í ṣe náà lòun ń ṣe: òun ló ń dáná, òun ló ń gbé oúnjẹ síwájú bàbá ìyàwó rẹ̀, ìgbà tí àgbà bá sì jẹun tán ni tirẹ̀ tó kàn. Kì í ráhùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni kó máa wò. Bí nǹkan bá dùn ún, á wá okùn kan tú, á tún un dì, á tún un tú.

Kókò ló kún inú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ìgàn aṣọ funfun méjì ló wà níbẹ̀, tí Fetuao rà láti fi rán aṣọ fún àwọn ọmọ ìjọ, nítorí Ọjọ́ Àìkú àwọn ọmọdé ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Páálí ẹran inú agolo kan tún wà níbẹ̀, àti kẹ́ẹ̀gì epo mẹ́rin tó pupa yòò. Tuntun ni àwọn kẹ́ẹ̀gì náà. Ọmọ àbúrò Uelese ló rí àwọn agolo onírin tí bàbá yìí ti ń fi bu epo láti ayé ìjọba àwọn òyìnbó New Zealand, ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó sì lọ ra kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin fún un.

"Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ìpáàrà wo lẹ fẹ́ fi la òkun yìí? Bí ẹ bá gúnlẹ̀, orí ló kó yín yọ!"

Uelese kọ́kọ́ fajú ro. Ṣùgbọ́n nígbà tó rí i pé gálọ́ọ̀nù márùn-ún tí wọ́n kọ sára agolo rẹ̀ ni wọ́n kọ sára kẹ́ẹ̀gì tuntun náà, gàdàgbà-gadagba, ojú rẹ̀ tú ká. "Márùn-ún ni márùn-ún," ló wí, ó sì gba ẹ̀bùn náà tayọ̀tayọ̀. Agolo kan ṣoṣo ló kọ̀ tí kò fi sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń bu omi mímu sí.

Ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa bọ̀ ni Pesamino lọ ra epo. Fetuao ì bá bá a lọ, nítorí òun ló máa ń ra kẹrosíìnì fún ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ sì ti là sí ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n. Ṣùgbọ́n ó wà ní ṣọ́ọ̀bù aláṣọ, ó ń to funfun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun mìíràn, kò mọ èyí tí ì bá mú. Nígbà tó fi mú ọ̀kan, ọkọ rẹ̀ ti dé pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, epo kún wọn dé ọrùn. Ó tiẹ̀ ti yà kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ ẹja.

Àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n ṣí. Òkun tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹní tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́ fún àlejò. Pesamino wà nídìí ẹ́ńjìnì, ó ń wà á jẹ́jẹ́ bí bàbá ṣe fẹ́. Uelese jókòó síwájú, ó fi fìlà bojú. Fetuao fẹ̀yìn ti ìgàn aṣọ rẹ̀, ó ń ronú iye ọmọ tó máa wọ kóòtù àti iye tó máa wọ gáùn. Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, wọ́n jẹ kókò sísè àti ẹran inú agolo, Pesamino sì da kẹ́ẹ̀gì kẹrin sínú táǹkì. Ó tó wákàtí kan lé díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn kí erékùṣù Nuutele tó yọ níwájú wọn, ó kéré bí èékánná ọmọ ọwọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni ilé wà.

Ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnì ti wúkọ́. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ó sì dákẹ́.

"Kí ló ṣe é?" Uelese ṣí fìlà lójú.

Pesamino gbé kẹ́ẹ̀gì tó gbẹ̀yìn, ó mì í sétí. "Epo ti tán, bàbá."

"Epo wo ló tán?"

"Gbogbo rẹ̀ ni."

"Ogún gálọ́ọ̀nù? Nuutele rèé lọ́ọ̀ọ́kán tí kò tíì tó ẹ̀pà, o ní ogún gálọ́ọ̀nù ti tán? Kí lo fi epo náà ṣe, ṣé o ń fi í wẹ̀ ni?"

"Mi ò sáré, bàbá. Bí ẹ ṣe ní kí n máa wà á náà ni mo ń wà á."

"Ta ló ní o sáré?" Uelese ń wo àwọn kẹ́ẹ̀gì òfìfo náà. "Ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà nílé iṣẹ́ ẹja, ṣé ẹ ríra lánàá?"

"A ríra, bàbá."

"Òun náà ní ọkọ̀, àbí kò ní?"

"Ó ní."

Ọ̀rọ̀ náà balẹ̀ sáàárín ọkọ̀, gbogbo wọn sì mọ ohun tó jẹ́.

"Bàbá!" Fetuao pariwo.

"Mo pe ẹnikẹ́ni lólè ni? Ìbéèrè ni mo béèrè."

Pesamino kò wo ẹnì kankan. Ó fa okùn kan jáde lábẹ́ ìjókòó, ó tú u, ó dì í, ó tún un tú. Lẹ́yìn náà ló gbé àjẹ̀ méjèèjì, ó kọjú sí Nuutele, ó bẹ̀rẹ̀ sí tukọ̀. Ọkọ̀ wọn kì í ṣe kékeré, ikùn méjì tí wọ́n so pọ̀ ni. Bí èèyàn ń fi àjẹ̀ tù ú, bí ẹni ń ti ilé ni.

Ọ̀rọ̀ náà dun Fetuao wọ inú eegun. Ọdún kẹsàn-án rèé tí ọkùnrin yìí ti wà nílé wọn, kò mú abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀ rí. Síbẹ̀, epo tán lóòótọ́. Bí Pesamino kò bá sáré, tí kò sì fún ẹnikẹ́ni, tí kẹ́ẹ̀gì kò jò, níbo ni epo gbà lọ? Ó wo agolo omi onírin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó wo kẹ́ẹ̀gì pupa. Márùn-ún níbí, márùn-ún lọ́hùn-ún. Ó wá rántí ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ ayé rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Lítà ni àwọn tó ń kó kẹrosíìnì wá fi ń wọ̀n ọ́n, àwọn àgbà abúlé sì rèé, gálọ́ọ̀nù ni wọ́n ń béèrè. Òun ló ń fẹnu ara rẹ̀ túmọ̀ ọ̀kan sí èkejì. Gálọ́ọ̀nù kan, lítà mẹ́rin àti ààbọ̀, ó lé fẹ́ẹ́rẹ́. Agolo onírin bàbá rẹ̀ kan, lítà mẹ́tàlélógún, ó dín fẹ́ẹ́rẹ́. Kò tún ń rò ó mọ́ kó tó sọ ọ́.

Ó fa kẹ́ẹ̀gì pupa kan mọ́ra, ó dojú rẹ̀ dé. Ní ìdí rẹ̀, àwọn lẹ́tà kéékèèké kan wà tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára. Ó fi ọwọ́ nu epo kúrò, ó kà á, ó tún un kà.

"Bàbá Eseta," ó pe ọkọ rẹ̀, nítorí Eseta lorúkọ ọmọ wọn àkọ́bí, "dúró ná. Má tukọ̀ mọ́."

"Bí n kò bá tukọ̀, ṣé kẹ́ẹ̀gì lo máa fi gbé wa délé ni?"

"Mo ní kó o dúró. Bàbá, ẹ wá wo nǹkan. Lítà tí wọ́n kọ sídìí kẹ́ẹ̀gì yìí kò pé mọ́kàndínlógún. Agolo tiyín ń gbà tó mẹ́tàlélógún."

"Márùn-ún ni wọ́n kọ sí méjèèjì lára. Ojú mi kò tíì fọ́."

"Márùn-ún ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n gálọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà ni márùn-ún tiwọn, ti New Zealand ni tiyín. Orúkọ wọn jọra, ikùn wọn kò jọra."

Uelese mí imú fín-ín. "Ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí? Gálọ́ọ̀nù ni gálọ́ọ̀nù. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ sídìí ike lè purọ́."

"Ìwé lè purọ́," Fetuao fèsì, "omi kì í purọ́."

Ó da omi mímu tó kù sínú ìkòkò tí wọ́n fi gbé oúnjẹ wá, ó bò ó dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ri kẹ́ẹ̀gì pupa bọ òkun títí ó fi kún dé ọrùn, Pesamino sì fi àjẹ̀ sílẹ̀, ó bá a gbé e wọlé. Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí dà á sínú agolo onírin díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà dànù. Uelese dìde níwájú, ó rọra ń di ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mú bọ̀ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ wọn. Kẹ́ẹ̀gì pupa kán tó-tó, ó gbẹ. Fetuao fi ìka bọ ẹnu agolo. Ìka rẹ̀ kò kan omi. Ó ní kí bàbá náà fi tirẹ̀ bọ̀ ọ́. Uelese fi ìka bọ̀ ọ́, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́, kí ó tó kan omi.

"Ẹ tún un ṣe," ló wí.

Wọ́n da omi inú agolo sókun, wọ́n tún un ṣe. Bákan náà ni.

Bàbá náà jókòó lórí páálí ẹran. "Mélòó ló wá dín?" ló béèrè.

"Nínú kẹ́ẹ̀gì kan, lítà mẹ́rin ó dín díẹ̀. Mẹ́rin ni kẹ́ẹ̀gì wa. Lítà mọ́kànléláàádọ́rùn-ún ni ogún gálọ́ọ̀nù tiyín. Ogún tiwọn tí a rà kò ju mẹ́rìndínlọ́gọ́rin lọ. Lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni kò sí níbẹ̀ láti Pago."

"Lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún." Uelese gbé e lé ahọ́n bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Mélòó ni ìyẹn nínú gálọ́ọ̀nù gidi?"

"Mẹ́ta àti díẹ̀."

"Ìyẹn ì bá gbé wa délé, ì bá tún gbé wa wọ èbúté." Ó mi orí. Ó wá yíjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀. "Pesamino."

"Bàbá."

"Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan…"

"Ó ti tán, bàbá."

"Kò tíì tán. Jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹnu mi ló sọ ọ́, ẹnu mi ló yẹ kó kó o jẹ. O kò mú epo ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo ń sọ ọ́ pàápàá, inú ló ń bí mi. Dárí jì mí."

Pesamino tẹ orí ba. Ó wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ nu ojú, ó ní oòrùn yìí mú o. Fetuao gbójú sókè sánmà kí ó má baà rẹ́rìn-ín, kí ó má sì baà sunkún.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà kúrò nílẹ̀ tán ni Uelese tó wo ibi tí wọ́n wà. Ó wo Nuutele, ó wo ìgbì, ó gbé ìka tó tutù sáfẹ́fẹ́. Nuutele ti kúrò ní ọ̀gangan iwájú ọkọ̀, ó ti ń bọ́ sọ́wọ́ òsì.

"Omi ń gbé wa lọ sáríwá," ló wí, ohùn rẹ̀ kò yí padà. "Bí a bá jókòó báyìí, ojú wa báyìí la ó fi wo Upolu kọjá. Àjẹ̀ nìkan kò lè ṣe é. Ìgbòkun la nílò."

"A kò ní ìgbòkun, bàbá," Pesamino dáhùn.

Ojú àwọn ọkùnrin méjèèjì ti bọ́ sára ìgàn aṣọ funfun náà. Fetuao rí ojú wọn.

"Háà! Ẹ má wò ó. Aṣọ ìjọ ni o! Owó àwọn ìyá ìjọ ló wà lórí aṣọ yẹn!"

"Mo mọ̀," ni bàbá rẹ̀ wí.

"Ẹ rí epo tó wà nílẹ̀ ọkọ̀ yìí? Ẹ rí ìpáàrà? Bí a bá fi aṣọ yìí ṣe ìgbòkun, kí ni mo máa wí fún ìyàwó pásítọ̀?"

"Wí fún un pé a dé láàyè," Pesamino fèsì. "Bó bá ṣe pé aṣọ nìkan ló délé, òun náà á bi ọ́ léèrè àwa."

Fetuao wò ó tìyanu-tìyanu, nítorí Pesamino kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ níwájú bàbá. Uelese bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. Ni Fetuao bá fúnra rẹ̀ tú ìgàn kan.

Pesamino so àjẹ̀ méjì pọ̀, ó nà wọ́n ró, ó fi okùn dè wọ́n mọ́ igi ìdábùú agbede méjì ọkọ̀. Okùn tó ń tú tó ń dì lẹ́ẹ̀kan wá rí iṣẹ́ ṣe. Wọ́n ṣẹ́ aṣọ náà po lọ́nà mẹ́ta kí ó lè nípọn, Fetuao sì fi abẹ́rẹ́ ńlá tí wọ́n fi ń tún àwọ̀n ṣe rán etí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé e sókè, ó kọ́kọ́ rọ̀ jọwọlọ bí aṣọ tí wọ́n sá. Lẹ́yìn náà afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀, ó yọ ikùn, okùn ké, ọkọ̀ ńlá náà sì rọra gbéra.

Uelese yọ pákó ìjókòó kan, ó fi ń tọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn. Kí ẹ́ńjìnì tó dé sí Aleipata, bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ìgbòkun gbọ́n afẹ́fẹ́ jẹ. Ó ti tó ogójì ọdún tó ṣe é kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé. "Fà á sọ́dọ̀ rẹ díẹ̀, Pesamino. Ó tó. Tú u díẹ̀. Ṣé o rí i pé ó ń gbọ́rọ̀?" Nuutele dúró lọ́wọ́ òsì fún ìgbà díẹ̀, ó ń ro ó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí padà síwájú wọn. Ó ń tóbi. Igi orí rẹ̀ yọ, àwọn ẹyẹ tó ń fò yí i ká yọ. Wọ́n pín omi tó wà nínú ìkòkò, ó ní adùn kókò lẹ́nu, wọ́n mu ún bí ẹni mu oyin.

Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n gba àlàfo àárín òkìtì iyùn tó yí etíkun ká wọlé, oòrùn ṣì wà lókè. Àwọn èèyàn ti tò sí etíkun. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ rí funfun náà lórí òkun, wọ́n sì ti sáré lọ wí fún pásítọ̀ pé áńgẹ́lì ń bọ̀ lórí omi. Nígbà tí wọ́n rí i pé Uelese ni, pẹ̀lú fìlà rẹ̀ tó ti ya, ojú tì wọ́n, wọ́n ń ti ara wọn.

Ìyàwó pásítọ̀ ló gba aṣọ náà lọ́wọ́ Fetuao. Ó tú u wò. Iyọ̀ ti gbẹ mọ́ ọn, ìpáàrà ti fa ìlà pupa sí etí rẹ̀ kan, epo sì ti kán sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Fetuao dúró, ó ń retí ìbáwí.

"Yáàdì mélòó ló bàjẹ́?" obìnrin náà béèrè.

"Yáàdì mẹ́fà ni mo rò, mà."

"Ṣé yáàdì wa ni àbí ti Pago?" ni Pesamino ti ẹ̀yìn sọ, àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ sì fi ẹ̀rín bo ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ kí ó tó di ẹjọ́. Wọ́n gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, wọ́n fi ìyókù rán aṣọ. Kóòtù àwọn ọmọkùnrin kan kúrú díẹ̀ lọ́wọ́, kò sì sí ẹni tó kú nítorí rẹ̀.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Uelese fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta epo. Tẹ́lẹ̀, á sọ gálọ́ọ̀nù, ẹni tó ń ta á á sì máa ṣe ìṣirò lórí ọwọ́. Lọ́jọ́ yìí, ó ní kí wọ́n fún òun ní àádọ́fà lítà. Ẹni náà béèrè ibi tí wọ́n ń lọ tí epo fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

"Savaii," ló wí. "Mo fẹ́ lọ kí ìyá Pesamino."

Láti ọdún mẹ́sàn-án tí Pesamino ti wà nílé rẹ̀, Uelese kò tíì tẹ ìlú ọkọ ọmọ rẹ̀ rí. Ohun tó máa ń sọ ni pé àwọn ará Savaii ló yẹ kó wá kí òun. Fetuao kò bi í léèrè ohun tó yí i lérò padà. Ó se ewé kókò pẹ̀lú wàrà àgbọn, ó kó ẹní tuntun méjì, wọ́n sì lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí òkun dákẹ́.

Ìyá Pesamino ti darúgbó, kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Ó gba Uelese lálejò bí ọba, ó jókòó tì í, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin kúrò lórí oúnjẹ rẹ̀. Uelese ní òun kò ní fọwọ́ kan oúnjẹ àfi bí Pesamino bá jókòó jẹun pẹ̀lú òun. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ ìtàn òkun náà fún ìyá àgbà. Ó sọ bí òun ṣe fi ẹ̀sùn olè kan ọmọ rẹ̀, kò yọ ibẹ̀ sílẹ̀. Ó sọ bí ìka òun kò ṣe kan omi. Ìyá àgbà kò gbọ́ ìdajì rẹ̀, ó ṣáà ń mi orí, ó ń wí pé, "Ẹ ṣé o, ẹ ṣé." Ni Uelese bá gbé ohùn sókè, ó tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè.

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó ilé, Pesamino ti na ara rẹ̀ sórí ẹní ìyá rẹ̀, apá rẹ̀ kan wà lábẹ́ orí. Fetuao wò ó, ó rí i pé oorun ti gbé e lọ, okùn kankan kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀.